Gírísì Katapílà Lára Aṣọ Funfun

Odó ló ń jí wa nílé wa ní Ìdó-Ilé, kì í ṣe àkùkọ. Àkùkọ á kọ tirẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Ìgbà tí odó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lágbàlá wa, tí odó ilé kejì gbè é, tí tòkè ọ̀nà náà dá sí i, ìgbà yẹn la tó gbà pé ilẹ̀ ti mọ́. Àwa ń jẹ iyán láàárọ̀, ẹni tó bá yà lẹ́nu kó wá wò wá. Lẹ́yìn odó, ohun tó tún ń dún nílé wa ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. Télọ̀ ni wọ́n, ẹ̀rọ wọn sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀. Tó bá ti di àsìkò ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí kùrukùru bo orí òkè tó yí ìlú wa ká, ẹ̀rọ yẹn kì í sinmi mọ́. Gbogbo ìlú ló ń rántí lójijì pé Kérésì ń bọ̀, bí ẹni pé tọdún tó kọjá ò sọ fún wọn pé òun máa padà wá. Aṣọ á kún orí àga, á kún orí ibùsùn, á dé orí àpótí tí Yèyé ń jókòó lé. Yèyé ni à ń pe ìyá tó bí bàbá mi. Wọ́n á máa kùn pé àwọn ò ríbi fìdí lé mọ́ nínú ulé ọmọ àwọn.

Àkúrẹ́ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń ṣe títì. Àwọn ni wọ́n máa ń tún katapílà ṣe tó bá kọṣẹ́. Ìparí oṣù ni wọ́n ń wálé, nínú ọkọ̀ Ràfíù, ọmọ Ìwó kan tó ti fìdí kalẹ̀ sí ìlú wa, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba Aramọkọ lọ sí Àkúrẹ́. Òórùn gírísì ò kúrò lára bàbá mi rí, bí wọ́n tilẹ̀ fi kànìnkànìn bó ara wọn. Èmi fẹ́ràn òórùn náà. Bàbá Àkúrẹ́ ni ìlú ń pè wọ́n. Tó bá wá di ti Kérésì, wọ́n á gbé àpò ìrẹsì kan sọ̀ kalẹ̀, àti bisikíìtì inú agolo, àti báńgà tó ń bú gbàù, tí Yèyé kórìíra bí ẹni kórìíra ejò. Ìrẹsì ò tíì di oúnjẹ ojoojúmọ́ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ó lọ́jọ́ tirẹ̀ lọ́dún. Bàbá mi á ní kí wọ́n bù ú fún gbogbo ojúlé tó wà ládùúgbò, èmi ni mo sì ń gbé e kiri. Mo máa ń rìn bí ọmọ ọba lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn á ṣàdúrà fún bàbá mi, èmi á máa ṣe àmín gbọọrọ bí ẹni pé èmi ni mo ra ìrẹsì.

Lọ́dún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀ ni bàbá mi já wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́. Wọ́n gbé àpótí aṣọ wọn lọ́wọ́ kan, wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ lọ́wọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àpò ìrẹsì lẹ́yìn wọn. Mo tiẹ̀ sáré lọ wo ìdí ọkọ̀ bóyá Ràfíù ti gbàgbé ẹrù wa síbẹ̀. Yèyé ń bẹ iṣu lójúde. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé kò sí o?” Bàbá mi dúró bí ẹni tó ń ti ojú oorun dé. Wọ́n ní, “Yèyé, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.” Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Yèyé. Wọ́n wo bàbá mi títí, mo rò pé wọ́n máa sunkún ni. Àfi bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ gbàà! “Ìjọba ní kó o máa bọ̀ lúlé? Ìjọba gan-an? Ha, Olúwa, o ṣeun o! Ọdún wo ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n! Ìyàwó, jáde wá, wọ́n ti dá ọkọ rẹ padà fún wa!” Ni Yèyé bá ki ijó mọ́lẹ̀ láàárín èèpo iṣu. Ìyá mi yọjú láti ìdí ẹ̀rọ, wọ́n wo ojú ọkọ wọn, wọ́n sì rí ohun tó wà níbẹ̀. Wọn ò jó.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yẹn. Rédíò ní wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró. Àwọn tó mọ̀wé ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan tí ẹnu Yèyé kò lè gbà. Bàbá mi ní tiwọn mú èyí tó rọrùn jù lẹ́nu, pé wọ́n ní kí àwọn máa lọ sílé, ibẹ̀ gan-an ni Yèyé sì gbà wọ̀ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn ti kárí àdúgbò. Àwọn èèyàn ń yà wá kí wa, “Bàbá Àkúrẹ́, ẹ kú oríire o! A gbọ́ pé ẹ ti dé pátápátá. Kí Olúwa jẹ́ kó tura o.” Bàbá mi á wúkọ́ láti inú yàrá. Wọn ò ní jáde. Lọ́jọ́ kejì wọn ò jáde, lọ́jọ́ kẹta wọn ò jáde, títí dórí pé inú yàrá ni wọ́n ti ń jẹun, àwọn tó jẹ́ pé ojúde ni wọ́n ti ń fọwọ́ òkèlè júwe bí katapílà ṣe ń wó òkìtì tẹ́lẹ̀. Ìyá mi rọra sọ fún Yèyé pé, “Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé e sọ ọ́ kiri. Kì í ṣe nǹkan ayọ̀.” Yèyé dáhùn pé, “Ọmọ mi wá súlé, o ní kì í ṣe nǹkan ayọ̀. Ìyàwó, ṣé orí rẹ pé báyìí?” Ìyá mi gbé ẹnu wọn padà sídìí ẹ̀rọ.

Ìdí ẹ̀rọ náà ni mo wà, tí mò ń so bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, tí mo fi gbọ́ ohun tó bà mí lẹ́rù. Bàbá mi ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n ní, “N ò ní ṣe Kérésì níbí. Èkó ni mò ń lọ. Màá bá Ràfíù dé Àkúrẹ́, màá wọkọ̀ Èkó níbẹ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn tí mò ń bu ìrẹsì fún lọ́dọọdún? Ikú yá ju ẹ̀sín.” Ìyá mi ní, “Ta lẹ mọ̀ ní Èkó, Bàbá Bọ́sẹ̀?” Bọ́sẹ̀ ni orúkọ mi. Èmi mọ Èkó, ìyẹn ni pé mo mọ bàbá Fúnmi ọ̀rẹ́ mi. Bàbá Fúnmi ti lọ sí Èkó kí Fúnmi tó léyín, ìkíni nìkan ló sì ń bá ọkọ̀ bọ̀ látìgbà náà. Fúnmi ò mọ bàbá rẹ̀ lójú. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, mo rí bàbá mi tó ń di ìkíni inú ọkọ̀. Omi bọ́ lójú mi sórí aṣọ oníaṣọ. Mi ò bìkítà fún Kérésì mọ́, bí wọn ò bá tiẹ̀ se ìrẹsì kankan, ohun tí mo fẹ́ ni kí bàbá mi má lọ.

Ẹ̀rọ ló gbà wá. Àárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí ìyá mi ti ń ran aṣọ funfun ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀rọ náà ké gìyàn, ó sì há. Ìyá mi tẹ ẹsẹ̀, kò lọ. Wọ́n fọwọ́ yí àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò lọ. Wọ́n bá káwọ́ lérí, wọ́n bú sẹ́kún, torí aṣọ tó wà nílẹ̀ kò kéré, ẹni tó sì máa ń tún un ṣe wà ní Ẹ̀fọ̀n. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Bàbá mi jáde pẹ̀lú ṣòkòtò ìsùn, wọ́n dojú ẹ̀rọ délẹ̀, wọ́n wo inú rẹ̀ bí dókítà ṣe ń wo ọ̀nà ọ̀fun. “Ẹ̀rọ yìí gbẹ,” ni wọ́n sọ. “Ta ló ń lo ẹ̀rọ báyìí? Irin ń jẹ irin.” Mo gbọ́ ohùn wọn, ohùn ọjọ́ tó ti pẹ́ ni. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Wọ́n wá nawọ́ sínú àpò irinṣẹ́ wọn, wọ́n yọ agolo gírísì. Ìyá mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, òróró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ kan wà tí a máa ń kán sí i.” Bàbá mi wò wọ́n tàánútàánú. Wọ́n ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kí katapílà wó òkè ni mo fẹ́ fún un jẹ yìí. Òun kékeré yìí á wá kọ̀ ọ́?” Wọ́n sì fún un jẹ. Wọ́n fún un jẹ àjẹyó.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ìyẹn. Kò ké mọ́, ńṣe ló ń kùn bí ológbò tó jókòó ti iná. Inú bàbá mi dùn débi pé wọ́n ní kí ìyá mi dìde, àwọn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sáré, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ti aṣọ funfun kan sábẹ́ abẹ́rẹ́ fún wọn, wọ́n dì í mú kó lè lọ tààrà. Bàbá mi fi ojúran náà, ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà, ṣe títì, wọ́n ní àwọn ń lọ láti Aramọkọ sí Ìgèdè, kò gbọdọ̀ wọ́. Kò sì wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fa aṣọ náà yọ, ilà dúdú méjì ló ti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, tẹ̀lé ojúran bí ipa táyà lẹ́yìn òjò. Ìyá mi yí ọrùn aṣọ náà wò kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín, wọ́n sì rọra jókòó sílẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ ló ni ín, olórí akọrin, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ ìlú, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ilé wa láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

A fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, a fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ilà ń fẹ̀ sí i ni. Yèyé ń wò wá láti orí àpótí wọn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní, “Aṣọ funfun ní í sunkún aró. Ṣé ìyá Òṣogbo tó ń paró lẹ́yìn ọjà ti kú ni? Ẹ lọ rẹ ẹ́.” Ìyá mi ní, “Yèyé, funfun ni gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ wọ̀. A ò lè rẹ aṣọ oníaṣọ láìbi í.” Yèyé ní, “Ẹ bi í nígbà náà. Ẹni tó fi gírísì sí i ni kó lọ bi í.” Wọ́n wo bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa padà wọ yàrá. Wọ́n wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ni wọ́n lọ wọ̀. Wọ́n jáde, wọ́n ní, “Bọ́sẹ̀, gbé aṣọ náà ká lọ.”

Gbogbo ojúlé tí a kọjá ló ń kí wọn kú oríire, bàbá mi sì ń tẹrí ba wálẹ̀ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Dúpẹ́ wà nídìí ààrò búrẹ́dì, ìyẹ̀fun bo irun ojú wọn. “Bàbá Àkúrẹ́! Ẹ kú oríire o! Ẹ ti délé!” Bàbá mi ní, “Ìyá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe oríire. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Yèyé mi ò gbọ́ ọ yé.” Wọ́n sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. Kí obìnrin náà tó fèsì, wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. “Mo sì tún fi gírísì katapílà ba aṣọ yín jẹ́.”

Ìyá Dúpẹ́ wo aṣọ, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n tún wo aṣọ. “Katapílà?” Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ẹ gbé gírísì katapílà sí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó yín?” Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú obìnrin yẹn láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè bọ̀, ìgbà tó sì jáde, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun jáwọ́ nínú iṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara ààrò mú, ló bá jó wọn lọ́wọ́, wọ́n tún rẹ́rìn-ín ìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn tán, wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ta lẹ rò pé kò mọ̀? Ṣebí rédíò sọ ọ́. Àbúrò ọkọ mi náà wà lára àwọn tí wọ́n lé. Yèyé yín dé ibí lọ́jọ́ tí ẹ dé gan-an. Gbogbo ulé ni wọ́n yà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ‘ẹ pẹ̀lẹ́’ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọmọ àwọn dé láàyè, ọwọ́ rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, oríire ni ká kí i. Wọ́n ní ẹni tó bá ki àánú bọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ò ní jẹ uyán ulé onítọ̀hún mọ́. Ta ló fẹ́ bá Yèyé yín jà?” Bàbá mi dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀ tán. Ìyá Dúpẹ́ fún mi ní búrẹ́dì gbígbóná kan, wọ́n ní, “Ẹ lọ rẹ aṣọ ọ̀hún láró. Ṣebí èmi ni olórí wọn? Kí ló dé tí màá fi wọ ohun tí gbogbo wọn wọ̀?”

Bí a ti délé, Yèyé ní, “Kí ló wí?” Bàbá mi ní, “Ó ní kí n kí yín kú iṣẹ́.” Yèyé ní, “Ó káre,” wọ́n sì ń bẹ iṣu wọn lọ. Títí tí wọ́n fi kú, wọn ò gbà rárá pé àwọn mọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Tí a bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, wọ́n á ní, “Kí ni mo pa nírọ́ níbẹ̀? Àbí ìjọba ní kó máa lọ sóko?”

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ìyá Òṣogbo rẹ aṣọ náà, ó sì mu aró dáadáa. Nígbà tí akọrin tò síwájú ìjọ, gbogbo wọn funfun, Ìyá Dúpẹ́ nìkan ló wọ aró dúdú tó ń dán láàárín wọn, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn sì ń na ọrùn wò ó. Kí wọ́n tó tú ká, àwọn méjì ti ń bẹ ìyá mi pé kí wọ́n bá àwọn ṣe irú ẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an, a ò ní ìrẹsì láti bù fún ẹnikẹ́ni. Yèyé ní kí ìyá mi má dààmú. Wọ́n ní, “Bí a gúnyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.” Bàbá mi fúnra wọn gba ọmọ odó, wọ́n gún un bí ẹni tó ń bá iṣu jà, ó kókó díẹ̀, a sì jẹ ẹ́. Kò pẹ́ ni abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ilé tí mo ti ń gbé ìrẹsì lọ lọ́dọọdún ń gbé e bọ̀ wá. Èyí jóná, èyí iyọ̀ pọ̀ jù, ti Ìyá Dúpẹ́ ní ẹran tó tóbi ju abọ́ lọ. Ọdún yẹn ni mo jẹ ìrẹsì jù láyé mi. Inú rírun ni mo fi ṣe ọjọ́ kejì Kérésì, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò tíì mọ bóyá bàbá mi ń lọ. Wọ́n ń jáde báyìí, wọ́n ń bá ìyá mi tẹ ẹ̀rọ, wọ́n ti nu gírísì inú rẹ̀ kúrò, wọ́n ti fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ yẹn sí i, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé àwọn ò lọ mọ́, mi ò sì láyà láti bi wọ́n. Ọdún tuntun wọlé. Àwọn tó wá ṣọdún bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbi iṣẹ́ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ Ràfíù máa lọ, ó fọn fèrè níwájú ilé wa bó ṣe máa ń fọn ọ́n látẹ̀yìnwá. Bàbá mi dìde nídìí oúnjẹ, wọ́n fọwọ́, wọ́n jáde. Mo tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi ń gbálẹ̀ lójúde, ojú kan náà ni wọ́n sì ń gbá látìgbà tí fèrè ti dún.

Ràfíù yọrí láti inú ọkọ̀. “Bàbá Àkúrẹ́, ẹ kú ọdún o. Àyè iwájú ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ẹrù yín dà?” Bàbá mi fọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Wọ́n ní, “Ràfíù, tó o bá dé Àkúrẹ́, bá mi ya ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò télọ̀. Bá mi ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, nọ́ńbà sístíìn, páálí kan.”

Ìyá mi ò dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró, wọn ò gbójú sókè. “Ẹ ní kó ra nọ́ńbà eétíìn náà mọ́ ọn,” ni wọ́n sọ, “èyí tó ń rán kákí. Aṣọ iléèwé ló kàn.”